Ṣé kí ọkọ àti ìyàwó rí ara wọn kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ ṣe lè pinnu rẹ̀ láìsí ìjà

Aago 7 àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni onífọ́tò máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ṣe first look?", ìyẹn ni pé kí ọkọ àti ìyàwó rí ara wọn níkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò, ṣáájú ayẹyẹ. Ìyàwó á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ á ní kò ṣeé gbọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún, ti ń mú ọkọ gòkè bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, omijé ti ba mékọ́ọ̀pù jẹ́, ọkọ̀ tó yẹ kó ti gbéra ní aago 10 ṣì wà nílẹ̀ ní aago 11.

Àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè fún ọjọ́ tó ní ayẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta nínú, wọ́n sì béèrè ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdána àti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìdána àti yìgì, nílẹ̀ Yorùbá, yálà ilé ni wọ́n ń gbé tàbí wọ́n ń ti òkè òkun bọ̀ wá ṣe é. N ò ní fi èrò tèmi pa mọ́: mo fara mọ́ ọn kí ọkọ má rí ìyàwó ṣáájú ìdána. Tí ìdána bá ti kọjá, ó sàn fún ọ̀pọ̀ tọkọtaya kí wọ́n rí ara wọn ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tí ẹnì kan nínú wọn bá ní ìdí tó wúwo lọ́kàn ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ètò gbogbo ayẹyẹ náà lórí ìwé, pẹ̀lú aago àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa wáyé. Tí ẹ ò bá tíì mọ aago, ẹ kọ èyí tí ẹ rò.
- Ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan máa jókòó, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà.
- Nọ́ńbà pásítọ̀ tàbí álúfà, alága ìjókòó, alága ìdúró, onífọ́tò, onífídíò, ẹni tó máa ṣe mékọ́ọ̀pù, àti ẹni tó máa wé gèlè.
- Àgbà kan láti ẹbí kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń parí ìjà. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo jù. Ẹni tí àwọn yòókù máa ń gbọ́ tirẹ̀ ni.
- Ìwé méjì àti bírò méjì. Ẹ máa rí ìlò wọn ní ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ to ayẹyẹ yín, kí ẹ wo ibi tí rírí ìyàwó ti jẹ́ ara ètò

Ẹ kọ gbogbo ayẹyẹ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ sì béèrè lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: níbí, ṣé pé ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìyàwó jẹ́ nǹkan kan fún àwọn tó jókòó?

Ní ìdána, òun gan-an ni gbogbo ètò rọ̀ mọ́. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wọlé, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn òbí ìyàwó. Wọ́n á ka lẹ́tà ìtọrọ, wọ́n á ka ìdáhùn. Alága ìjókòó á máa forin àti ẹ̀fẹ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ kí wọ́n tó mú ìyàwó jáde. Ìyàwó á sì jáde pẹ̀lú ìbòjú lórí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á yí i ká, á kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, á kúnlẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ tó máa dé fìlà sí lórí. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń retí ìṣẹ́jú yẹn. Tí àwọn méjèèjì bá ti ya fọ́tò nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì lówùúrọ̀, tí àbúrò kan sì ti gbé e sórí Instagram kí ọkọ tó dọ̀bálẹ̀, ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọn ò ní lè sọ jáde, wọ́n á kàn máa fajú ro. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bàbá á mú ọmọ rẹ̀ wọlé, ọkọ á yíjú padà, orin á máa dún. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni ìgbéyàwó dúró lé, kì í ṣe bóyá ọkọ ti rí gáùn tàbí kò tíì rí i. Èyí ni ibi tí àyè wà fún yín láti yàn.

Ní ti yìgì, ohun tó ń so ó ni ìfọwọ́sí walí ìyàwó (bàbá rẹ̀ tàbí ẹni tó dúró fún un), ìfúnni àti ìgbà, ẹlẹ́rìí méjì, àti sàdáàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó á wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin nígbà tí bàbá tàbí aṣojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ò ní kí ọkùnrin má rí ojú obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ fún ọ̀kan nínú àwọn sàábé, Mughira ọmọ Shu'ba, pé kó lọ wo obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ọkùnrin àti obìnrin tí yìgì ò tíì so pọ̀ dá wà ní kọ́lọ́fín. Nítorí náà, first look nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú yìgì kò bá a mu. Tí yìgì bá ti so tán, tọkọtaya ni yín, ẹ ya fọ́tò bó ṣe wù yín.

Ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ò gba wàhálà. Ní Ìkòyí tàbí ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ̀yin àti àwọn tọkọtaya mìíràn lẹ máa jókòó tò síwájú ọ́fíìsì, òfin sì fi í sáàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ọ̀sán. Ẹ má da ara yín láàmú láti fara pa mọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe tiwọn ní England lè sọ fún ọ́fíìsì ṣáájú pé àwọn ò fẹ́ rí ara wọn. Olùforúkọsílẹ̀ máa ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣáájú ayẹyẹ, wọ́n sì lè ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà: ẹ ṣe ìdána ní aago 8, ẹ ti jọ jó, ẹ ti jọ gé kéèkì, ẹ wá ní ẹ ò gbọdọ̀ rí ara yín ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì aago 12. Ìrí àkọ́kọ́ ti kọjá lọ́jọ́ yẹn. Gáùn nìkan lẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún ọkọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ìpààrọ̀ aṣọ méjì ti tó fún un. Kò gba hòtẹ́ẹ̀lì méjì, kò gba ọkọ̀ mẹ́rin.

Àyẹ̀wò: ẹ lè fi ìka kan ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé yẹn, kí ẹ sì sọ pé, "Ibí ni ìpinnu wa wà." Tí ìlà méjì bá ń bá ara wọn du, ẹ kọ ìpinnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kí ẹlòmíràn tó gbọ́

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti bírò tirẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìwo ti ẹnì kejì:

Níbo ni mo fẹ́ kí ojú wa ti kọ́kọ́ pàdé lọ́jọ́ yẹn, lójú èrò tàbí níbi tó dákẹ́?
Kí ló lè bà mí lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà wo ni mo sì máa fẹ́ kí ẹnì kejì mi wà nítòsí?
Èwo nínú méjèèjì ni kò ní dùn mọ́ mi lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Ẹ kọ ọ́ ná kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Nínú tọkọtaya, ẹnì kan sábà máa ń jẹ́ ẹni tó tètè gbà. Tó bá jẹ́ ẹnu nìkan lẹ fi jíròrò, á ní "Bó o bá ṣe fẹ́ ẹ," ọ̀rọ̀ á sì parí láìjẹ́ pé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù. Ìyàwó tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ẹ̀gbọ́n bàbá fẹ́ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ń gbé ẹrù tí èrò ò rí. Ọkọ tí ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́ náà ń gbé e. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń gbà níyànjú jù pé kí wọ́n rí ara wọn ṣáájú, kí wọ́n sunkún tó bá wá, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n tó wá wọ àárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Àwọn tí àyà wọn máa ń já lójú èrò náà wà nínú wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìwé ara yín, kí ẹ sì fi òdiwọ̀n wọn ìdí tí ẹ kọ. Ìdí tó bá kan ẹ̀sìn ló wúwo jù. Ìbẹ̀rù ló tẹ̀ lé e: tí ẹnì kan nínú yín bá gbà tọkàntọkàn pé rírí ara yín ṣáájú kò dáa, ẹ má rí ara yín. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi àlàyé borí rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, òun lẹni náà máa kọ́kọ́ rántí. Ọ̀rọ̀ ọkàn, irú èyí tí mo sọ lókè yìí, ló tẹ̀ lé ìbẹ̀rù. Àkókò wá tẹ̀ lé e. Fọ́tò ló gbẹ̀yìn. Fọ́tò nìkan kì í ṣe ìdí láti ṣe ohun tí ọkàn ẹnì kan ò gbà, bó ti wù kí onífọ́tò náà mọ iṣẹ́ tó.

Àyẹ̀wò: kí ọkọ sọ ìdí ìyàwó jáde lẹ́nu, kí ìyàwó sọ ti ọkọ. Tí ẹni tó ni ín bá ní "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ẹ lọ síwájú. Tó bá ní "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tán," ẹ tún jókòó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà

Ọmọ ló ń bá òbí tirẹ̀ sọ ọ́. Kí ìyàwó má lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ. Kí ọkọ má lọ sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó. Ọ̀pọ̀ èdèkòyédè tó gùn ju ìgbéyàwó lọ, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀: ìyàwó tí wọn ò tíì gbé wọlé ń sọ bí nǹkan ṣe máa rí fún ìyá ọkọ rẹ̀.

Ẹ má lọ kéde rẹ̀ bí àṣẹ. Ẹ má sì lọ béèrè bí ẹni tí kò tíì pinnu, torí ẹ máa gba ìdáhùn méje lọ́wọ́ àgbà méje. Ẹ mú ètò aago dání, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ wá béèrè ohun tí wọ́n rí tí ẹ̀yin ò rí. Ó máa ń lọ báyìí:

"Mọ́mì, ẹ kú ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ Sátidé ni mo bá wá, mà. Èmi àti àna yín fẹ́ rí ara wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ẹ rí ara yín kẹ̀? Kí ni ẹ fẹ́ sọ tí kò lè dúró di alẹ́?"

"Mọ́mì, bí mo ṣe máa rìn wọlé láìsí Dádì ló ń dà mí láàmú. Mo fẹ́ kó gbàdúrà fún mi kí n tó jáde."

Ìyá á dákẹ́ díẹ̀. "Ìdána ti máa kọjá nígbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́bọ̀ ni ìdána."

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e sórí fóònù?"

"Rárá, mà. Onífọ́tò nìkan ló máa wà níbẹ̀."

"Kí àǹtí rẹ náà wà níbẹ̀. Kí ẹ má sì pẹ́."

Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn béèrè: ṣé ètò ìdána ti pé, ṣé ọ̀rọ̀ ò ní jáde síta, ṣé àgbà kan máa wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó lọ, ọ̀pọ̀ òbí máa gbà. Tí wọn ò bá gbà rárá, ẹ bẹ àgbà tí ẹ yàn lẹ́ẹ̀kan, kó bá yín bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, kí ẹ gba ti wọn fún ìdána, kí ẹ sì lo ọ̀nà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó wà ní ìgbésẹ̀ 6 fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dọ̀ pásítọ̀, ìgbà ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó ni kí ẹ béèrè. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ti pẹ́ jù. Ṣé ìjọ ní òfin lórí rẹ̀? Ṣé yàrá wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyàwó lè dúró sí? Aago mélòó ni ẹ̀yin pásítọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ tí ìyàwó ò bá tíì dé? Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà fún ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ láyè láti aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ àti ó kéré tán ẹlẹ́rìí méjì, ṣùgbọ́n òfin pásítọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń le ju ìyẹn lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá, kí ẹ wá gbọ́ bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Tó bá ń sọ pé "Wọ́n fẹ́ gbàdúrà kí wọ́n tó jáde," ó ti di tirẹ̀. Tó bá ń sọ pé "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣá," ẹ tún lọ bá a.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka aago sẹ́yìn

Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìsìn máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ka bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago 11 ni ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọkọ̀ sì nílò ogójì ìṣẹ́jú láti hòtẹ́ẹ̀lì débẹ̀ pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Tí ẹ bá máa rí ara yín: ìyàwó á jí, á wẹ̀, á jẹun ní aago 5:15. Mékọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ ní aago 6, ó parí ní aago 8. Gáùn wíwọ̀ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní aago 8:30 ẹ rí ara yín. Láti 8:45 sí 9:30 ẹ ya fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù wà fún ohun tó bá bàjẹ́, torí nǹkan kan á bàjẹ́. Aago 10 ọkọ̀ gbéra.

Tí ẹ ò bá ní rí ara yín: ìyàwó lè sùn di aago 6:30. Mékọ́ọ̀pù láti 7:15 sí 9:15, gáùn títí di 9:45, fọ́tò díẹ̀ pẹ̀lú ìyá àti àwọn ọ̀rẹ́, aago 10 ọkọ̀ gbéra. Ìsìn parí ní nǹkan bí aago 1. Fọ́tò ẹbí lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì títí di 1:40. Fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì di 2:30. Ẹ dé gbọ̀ngàn ní aago 3.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà àkọ́kọ́ gba oorun ìyàwó, ó ju wákàtí kan lọ. Ọ̀nà kejì gba àkókò àwọn àlejò, àwọn tó ti jókòó sí gbọ̀ngàn láti aago 2 tí ìrẹsì sì ń rùn sí wọn nímú. Bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn aago 1 àti aago 2 wà lókè orí gan-an. Ó máa ń sọ òjìji dúdú sábẹ́ ojú àti sábẹ́ ìmú, kò sì sí mékọ́ọ̀pù tó lè bò ó. Tí ọ̀nà kejì lẹ bá yàn, ẹ wá ibi tó ní ìbòòji nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ọjọ́ náà, tàbí kí ẹ bá MC sọ ọ́ kó tú yín sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní nǹkan bí aago 5:30. Oòrùn máa ń wọ̀ láàárín aago 6:30 sí 7 nílẹ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ wákàtí tó ṣáájú ìyẹn sì dára gan-an fún awọ dúdú.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń ka àkókò mékọ́ọ̀pù ìyàwó, wọ́n á gbàgbé ìyá ìyàwó, àbúrò méjì, àti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tí ẹnì kan náà ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún. Kí ìyàwó má ṣe kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa rí ara yín ní 8:30, òun ni kó kọ́kọ́ jókòó.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ètò náà han ẹni tó máa ṣe mékọ́ọ̀pù, kí ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ lè ṣe é?" Tó bá ní "Ọlọ́run á ṣe é," kò tíì dáhùn. Ẹ béèrè aago mélòó ló máa dé.

Ìgbésẹ̀ 5: Tí ẹ bá yàn láti rí ara yín

Ibi tó dákẹ́, tó ní ìbòòji, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé: fàràǹdà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní fèrèsé ńlá, abẹ́ igi nínú ọgbà. Ẹ má yan ibi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn àlejò á ti máa jẹun níbẹ̀. Kí onífọ́tò lọ wò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní aago kan náà.

Ẹni tó máa wà níbẹ̀: onífọ́tò, onífídíò, àǹtí kan. Ó tán. Kí àǹtí gba fóònù gbogbo èèyàn tó bá fẹ́ yọjú. Ọkọ á dúró, á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ìyàwó á wá, á fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ tàbí kó pè é lórúkọ tó máa ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí onífọ́tò ní kí ẹ tún un ṣe. Tí kò bá rí i yà, kò rí i yà. Ohun tí ẹ wá síbẹ̀ fún ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí gbogbo wọn jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi gbà pé ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ló níye lórí jù nínú gbogbo ètò yìí, òun sì ni wọ́n sábà máa ń fò. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí àǹtí ti fi áńkáṣíìfù funfun lé èjìká ọkọ, torí tí ìyàwó bá gbé orí lé e, àtíkè àti ìkunra ètè máa yí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sì ní kúrò kí aago 11 tó lù. Kí ẹ tẹ́ aṣọ ibùsùn mímọ́ sílẹ̀ lábẹ́ gáùn bí ilẹ̀ bá jẹ́ ìta. Kí ẹni tó ṣe mékọ́ọ̀pù dúró nítòsí láti tún ojú ṣe.

Àyẹ̀wò: nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ara yín láìsí kámẹ́rà. Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ fún fọ́tò, ẹ padà wọlé fún ìṣẹ́jú méjì sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí ẹ bá yàn láti má rí ara yín

Èyí le ju bí ó ṣe rí lọ, ní pàtàkì tí ẹ bá wà nínú ilé kan náà. Àwọn tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston wálé, tí wọ́n ti jọ ń gbé, lè fi mọ sí alẹ́ tó ṣáájú: kí ọkọ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti aago 8 alẹ́.

Hòtẹ́ẹ̀lì méjì ló dáa jù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ béèrè fún ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọgbà, kì í ṣe àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìkan. Tí iná bá lọ tí lífítì sì dúró, gbogbo èèyàn á já sórí àtẹ̀gùn kan náà, ibẹ̀ ni ọkọ àti ìyàwó ti máa ń pàdé. Kí òrùka wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ láti alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun ń gbé e lọ sí yàrá ìyàwó láàárọ̀. Fóònù ọkọ náà, kí ọ̀rẹ́ ọkọ gbà á, torí status WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló máa kọ́kọ́ fi gáùn hàn án. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọkọ ti jókòó sí iwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí ọkọ̀ ìyàwó dúró sí òpópónà tó ṣáájú ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì pè é wọlé.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn tí òbí wọn ò gbà. Ẹ wá ilẹ̀kùn kan tó ṣí díẹ̀, kí ìyàwó dúró sí inú, kí ọkọ dúró sí ìta, kí ẹ na ọwọ́ sí ara yín gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìrí ojú. Ẹ gbàdúrà, ẹ ka lẹ́tà tí ẹ kọ fún ara yín. Kí ìyá méjèèjì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn Mùsùlùmí tí yìgì ò tíì so lè fi ọwọ́ dídìmú sílẹ̀, kí wọ́n ka lẹ́tà nìkan pẹ̀lú àwọn àgbà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: kí ọ̀rẹ́ ọkọ àti olórí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó rin ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín máa gbà láti yàrá dé inú ọkọ̀. Tí wọ́n bá pàdé, ẹ̀yin náà máa pàdé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó di ọjọ́ náà mú

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, láìfi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ àti ìyàwó ò ní rí ara wọn ṣáájú ìdána lọ́jọ́bọ̀. Ní Sátidé, wọ́n máa rí ara wọn ní aago 8:30 ní fàràǹdà, onífọ́tò, onífídíò àti àǹtí ìyàwó nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò kankan síta títí ìsìn á fi parí." Alága ìjókòó àti alága ìdúró gbọ́dọ̀ gbọ́ apá tó kàn wọ́n, torí àwọn ló ń ṣàkóso bí ìyàwó ṣe ń jáde.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ìyàwó àti ọkọ pe onífọ́tò, ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù, ọ̀rẹ́ ọkọ, olórí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, àti ìyá méjèèjì. Kó béèrè ìbéèrè kan: "Níbo lẹ máa wà ní aago 8:30?" Tí ìdáhùn ẹni méjì bá takora, kó tún un ṣe lálẹ́ yẹn.

Tí ọkọ bá wá ṣèèṣì rí ìyàwó lójú àtẹ̀gùn lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Kí wọ́n kí ara wọn, kí àǹtí súre fún wọn, kí ọ̀rẹ́ ọkọ mú un lọ, kí ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.